Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá Tí Mọ́ná Kò Fi Jẹun

Láti ìparí oṣù kọkànlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì lọ́wọ́, á ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ láti Post Office lọ sí Tánkẹ̀, òun náà ni mò ń rò. Erè mọ́nàmọ́ná kan wà nílé mi tí kò jẹun. Kò jẹ eku, kò jẹ ọmọ adìyẹ, kò tilẹ̀ yọ ahọ́n sí wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì ń gbé kiri: kí ni n ó fún un tí yóò jẹ?

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni kò tọ̀nà. Ìyá mi, tó bẹ̀rù ejò ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, ló là mí lójú sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń pe gbogbo erè ní òjòlá. Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe òjòlá ńlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì. Àgbà mọ́nàmọ́ná kì í sábà ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, tèmi ò sì tó mítà kan. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, dípò kó bu èèyàn jẹ, á ká ara rẹ̀ jọ rìbìtì bí bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Àwọn alágbàṣe àbúrò mi ń wó ọ̀gán kan lóko rẹ̀ nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo ni àdá bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ pa á. Àbúrò mi dì í sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e wá bá mi ní Ìlọrin, nítorí ó mọ̀ pé n ò ní lè sọ pé rárá. Àwọn ọmọ tó ń gbé ọgbà wa ló sọ ọ́ ní Mọ́ná.

Ọgbẹ́ àdá náà kò jìn. Kó tó pé oṣù kan ó ti san. Àìjẹun ló kù.

Ohun tó wà nínú ìwé

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ọjọ́ tó dé: gíráàmù 640, lórí síkéèlì tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: 618. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: 601. Lábẹ́ iye kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ohun tí mo gbé fún un sí. Eku funfun láàyè, kò jẹ. Eku funfun òkú, kò jẹ. Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan, kò jẹ. Ọmọ adìyẹ tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò jẹ. Kò jẹ. Kò jẹ.

Ẹni tó bá mọ ejò yìí dáadáa á ní kí n fara balẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Tiwa, oúnjẹ tá a jẹ la fi ń dáná sí ara wa. Ejò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ibi tó bá wà ló ń yá, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan fi lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Abo tó bá yé ẹyin á ká yí ẹyin náà ká fún nǹkan bí oṣù méjì títí á fi pa, kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Akọ náà máa ń gbàgbé oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Bí awọ bá fẹ́ bọ́ lára wọn, tí ojú wọn ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹ̀kọ, wọn kì í jẹ. Àwọn kan ti ju ọdún kan lọ láìjẹun tí wọ́n sì yè é. Ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko Philadelphia ní Amẹ́ríkà tó lo ọdún 47 láyé. Ẹ̀dá tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó ń kánjú sí.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ẹran ìdí eyín ń kẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń mí bóyá èémí rẹ̀ ń hàn, bóyá ikun wà nímú rẹ̀. Ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún aràn. Eégbọn méjì ló yọ lábẹ́ ìpẹ́ ọrùn rẹ̀, ó ní ara tó kù dá. Bí ó bá rù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kí n tètè gbé e padà wá. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, kí n gbé e sílé, kí n fi í sílẹ̀. Mo dé ilé, mo fa ìlà pupa sábẹ́ 576 nínú ìwé mi. Mo gbọ́ “gbé e sílé.” “Fi í sílẹ̀” ni n ò gbọ́.

Kí ni mò ń ṣe lákòókò yẹn? Àpótí onígíláàsì fẹ̀ǹfẹ̀ kan ni mo rà fún un, mo gbé e sí pálọ̀ kí ojú mi lè máa tó o. Àwọn ọmọ ọgbà ń wá wò ó lẹ́yìn ilé-kéú. Àràárọ̀ ni mo ń gbé e jáde láti wọ̀n ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé oúnjẹ sí i níwájú, tí n ó sì jókòó tì í. Mo rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo fi eku láàyè sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ di àárọ̀, mo ní bóyá òru ló máa jẹ ẹ́. Nígbà tí mo jí kírun àsùbáà, eku ló jókòó lórí ejò. Ó ti gé ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ níbi mẹ́ta, ẹran pupa ti hàn. Mọ́ná kò bá a jà. Ó ká ara rẹ̀ jọ, ó fi orí pamọ́, ó ń fara dà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń sin ejò nínú yín, ẹ má fi eku láàyè sílẹ̀ ti ejò tí kò fẹ́ jẹun. Ejò tí kò wá oúnjẹ kì í gbèjà ara rẹ̀, ebi sì lè pa eku náà débi pé á jẹ ohun tó bá rí. Mo sunkún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ẹkún náà ni mo wá ṣe ìpinnu tó burú jù: bí kò bá jẹ fúnra rẹ̀, n ó fi oúnjẹ sí i lọ́fun.

Alẹ́ tí ìyá mi bá mi mú tọ́ọ̀ṣì

Ìyá mi wá sí Ìlọrin nítorí yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò wọ pálọ̀ láti ọjọ́ tó dé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ. Ọyẹ́ mú gan-an. Tẹmómítà inú àpótí onígíláàsì náà wà ní 21 lórí ìwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ sì gbẹ débi pé ètè èmi alára ti là. Mo bẹ Màmá kí wọ́n bá mi tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, apá ni wọ́n nà wọlé.

“Àṣàkẹ́, kí lo fẹ́ fi ṣe é?”

“Mo fẹ́ fún un lóúnjẹ ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí iná kọjú síbí.”

Mo fi ọwọ́ òsì di Mọ́ná lẹ́yìn orí, mo fi ẹ̀mú di ọmọ adìyẹ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ara ejò náà tutù bí ara àmù. Mo fi ẹ̀mú kan etí ẹnu rẹ̀. Kò ya ẹnu, kò sì gbìyànjú àtibù mí jẹ. Ó fa orí rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka mi, ó rìn gun apá mi, ó wá ibi tí apá ti ṣẹ́ ní ìgúnpá, ó ti orí bọ abẹ́ apá aṣọ mi. Ibẹ̀ ló dúró sí. Gbogbo ara rẹ̀ tó kù lọ́ mọ́ ọwọ́ mi pinpin, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ fún nǹkan pa. Bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ìyá mú lọ́jà ni. Mo ń mọ èémí rẹ̀ lára: ó fẹ̀, ó sún, ó dúró pẹ́, ó tún fẹ̀.

Etí ètè mọ́nàmọ́ná ní àwọn ihò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ooru ara ni ó fi ń mọ̀. Òun ló fi ń rí eku nínú òkùnkùn biribiri. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní èyí rí, mo ya àwòrán rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù. Àfi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé kí ni ihò wọ̀nyẹn ti ń sọ fún un láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ojú mi lára gíláàsì. Ọwọ́ mi lókè orí rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ mẹ́fà, méje. Ohun ńlá, ohun gbígbóná, tó ń bọ̀ láti òkè, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí idì ṣe ń bọ̀ sára ọmọ eku nìyẹn, bí àṣá ṣe ń bọ̀ sára òròmọdìyẹ nìyẹn.

“Ṣé o ò rí i pé ìwọ ló ń sá fún ni?” Ìyá mi ti wọ inú yàrá láìmọ̀. “Fi í sílẹ̀, Àṣàkẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.”

Mo gbé e padà. Mo fi aṣọ bo àpótí náà láti òkè dé ilẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá mi sọ rí. Bàbá wa kú ní 2019. Màmá wọ opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọn ò jẹun. “Ẹ ń gbé ọkà wá, ẹ ń gbé gbẹ̀gìrì wá, ẹ ń gbé wàrà wá. Ẹ ò ní í lọ. Ẹ dúró tì mí kí n jẹ ẹ́ lójú yín. Ìwọ gan-an mú abọ́ dání, o ń sunkún. Bí ẹ bá ṣe ń bẹ̀ mí ni ọ̀fun mi ń dí. Àǹtí rẹ tó wà l'Ọ́fà ló wá, tó kó gbogbo yín jáde, tó pa ilẹ̀kùn dé. Kò bi mí léèrè oúnjẹ. Ó jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo gbọ́ òórùn ẹ̀kọ tó ń rò lẹ́yìnkùlé, mo ní kó bù díẹ̀ wá.”

N ò mọ ohun tí n ó sọ. Mo rántí abọ́ náà. Mo rántí pé inú bí mi sí àǹtí wa lọ́jọ́ yẹn, mo ní kò bìkítà.

Ṣé o ti jẹun?

Ìbéèrè ìfẹ́ ni ìbéèrè yìí láàárín wa. Òun ni ìyá fi ń kí ọmọ lórí fóònù, òun ni a fi ń gba àlejò. N ò kórìíra rẹ̀, n ò sì ní fi sílẹ̀. Àmọ́ mo rí i pé a ti sọ ọ́ di gbogbo ìtọ́jú. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, bí ó bá ti ìrìn àjò burúkú dé, oúnjẹ la kọ́kọ́ gbé sí i níwájú, bí kò bá sì jẹ ẹ́, a ó gbà á sí ẹ̀gàn tàbí àìsàn tó tún le sí i. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mo rí lára Mọ́ná ni pé ẹ̀rù náà lè kọ́kọ́ wọ inú, tí ebi ò ní ráàyè wọlé. Kò sí irú oúnjẹ tó lè ṣí i nípò. Àfi kí ohun tó ń dẹ́rù bà á kúrò níwájú rẹ̀, èmi sì ni ohun náà.

Èyí ṣòro fún mi láti gbà. Ó rọrùn kí n ra eku mìíràn ju kí n jáde nínú yàrá lọ. Ẹni tó ń ra eku ń ṣe nǹkan. Ẹni tó pa ilẹ̀kùn dé tó lọ jókòó sí pálọ̀ dà bí ẹni tó ti jọ̀wọ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí kì í dáhùn ìbéèrè. Mo ti ń dúró tì í lórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo ní kó sọ̀rọ̀, kó má bẹ̀rù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo fún un ní ìwé kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sí, mo kọjá lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ló kọ.

Ìkòkò Òkelele

Kì í ṣe pé mo fi ejò náà sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Mo tún ilé rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí n má baà máa padà wá.

Mo kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú gíláàsì. Ejò tó ń gbé inú ọ̀gán àti ihò eku ò nílò gbàgede. Ike onídèérí tí kò fẹ̀ púpọ̀ ni mo rà, mo lu ihò sí i lára, mo gbé e sí yàrá tí a ń kó ẹrù sí, níbi tí ẹnìkan kì í dé. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Dáda ní Òkelele, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò. Mo ra ìṣáásùn kékeré méjì, mo ní kí wọ́n bá mi dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyá tó tà á fún mi béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó wá yan èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn, ó ní, “Ohun tó bá ń sá pamọ́, á fẹ́ kí ara òun kan ògiri.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ibi ìsápamọ́ bá tóbi jù, kò yàtọ̀ sí ìta lójú ejò yìí. Ìkòkò kan ní ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tó tutù, kí ó má baà di pé ó ń yan láàárín ooru àti ààbò.

Ẹ̀gbẹ́ tó gbóná ní láti wà ní nǹkan bí 31 sí 33, ẹ̀gbẹ́ kejì ní 25 sí 27. Oúnjẹ kì í dà nínú ejò tí ara rẹ̀ tutù. Á kẹ̀ sí i nínú ni, tàbí kí ó pọ̀ ọ́. Bí iná bá wà, gílóòbù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà tó. Bí wọ́n bá mú un lọ, mo máa ń fi aṣọ wé ike omi gbígbóná, mo sì ń tì í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan láti ìta, láìṣí ìdérí. Ní ti ọ̀rinrin, ọyẹ́ Ìlọrin ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mo gún èèpo àgbọn, mo rẹ ẹ́, mo fún un gbẹ díẹ̀, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ìkòkò amọ̀ náà ń mu omi, ó sì ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ọ̀rinrin kúrò ní 30 ó dé 60.

Omi nìkan ni mo ń pààrọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá: n ò gbé e, n ò wọ̀n ọ́n, n ò wò ó. Ojú ìwé mi ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òfìfo náà sì ń bà mí lẹ́rù ju “kò jẹ” lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, mo máa ń wí i fún ara mi bí mo bá ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ díẹ̀ níbí. Láti Togo, Benin àti Ghana ni wọ́n ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́nàmọ́ná lọ sí òkè òkun fún ẹni tó fẹ́ sìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tà á. Àwọn tó ń sìn ín níbẹ̀ mọ̀ pé èyí tí wọ́n mú nínú igbó ló máa ń kọ oúnjẹ jù, tí èyí tó jáde nínú ẹyin ní ilé kì í sábà dààmú ẹni. Kò yà mí lẹ́nu mọ́. Bí o bá rí ọ̀kan lóko rẹ, jọ̀wọ́, má pa á, má sì dì í wá sí ilé fún mi. Eku tó ń jẹ iṣu rẹ ló ń jẹ.

Ohun tó jẹ

Ìparí oṣù kejì, ọyẹ́ ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, òru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru. Mo sọ èyí kí n má baà gba gbogbo ọpẹ́ fún ara mi àti ìkòkò: ó lè jẹ́ pé àkókò náà ló tó. Lọ́sẹ̀ kejìlá mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, 592. Kò tíì dé ìlà pupa.

Ohun tí mo yí padà nínú oúnjẹ kéré. Àwọn onímọ̀ tó wo ohun tí mọ́nàmọ́ná ń jẹ ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà rí i pé ẹyẹ ni àwọn kéékèèké ń jẹ jù, àwọn tó gùn sì ń jẹ eku. Eku oko ni Mọ́ná mọ̀. Kò mọ eku funfun rí láyé rẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi bá mi bu koríko inú ìtẹ́ eku oko wá nínú ọ̀rá. Mo fi koríko náà pa eku funfun òkú kan lára, eku tí kò nípọn ju àárín ara Mọ́ná lọ. Mo ti rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ fi gbóná bí ara alààyè.

Lẹ́yìn ìṣáì ni. Mo pa gbogbo iná. Mo ṣí ìdérí díẹ̀, mo fi ẹ̀mú gígùn gbé eku náà sí iwájú ihò ìkòkò, mo dúró sẹ́yìn, mo gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí rẹ̀ yọ. Ahọ́n jáde, ó wọlé, ó tún jáde, ó lọ́ra. Ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn bí lẹ́tà S. Lẹ́yìn náà n ò rí nǹkan kan, mo kàn rí i pé ẹ̀mú fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ìkòkò sì mì lẹ́ẹ̀kan.

Mo rọra dé ìdérí náà padà. Mo jáde, mo kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó jẹ. N ò ní fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí oúnjẹ náà lè dúró nínú rẹ̀. Bó bá jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí òjò sì ti fìdí múlẹ̀, n ó lọ tú u sílẹ̀: àbúrò mi ti fi ọ̀gán kan hàn mí ní òdìkejì odò, níbi tí wọn kì í dáko dé.

Mo pe ìyá mi. Mo ní, “Màmá, ó ti jẹ.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ bí tẹ̀sùbáà wọn ṣe ń kan ara wọn.

“Ṣé o ti pa ilẹ̀kùn dé?”

“Mo ti pa á dé, Màmá.”